Wi-Fi, nRF24 tàbí LoRa: èwo ni kí ẹ fi bátìrì gbé lọ sí oko?

Ẹni tó bá fẹ́ gbé sẹ́ńsọ̀ síbi tí kò sí iná, ohun tó máa kọ́kọ́ bèèrè ni pé, "Báwo ni rédíò rẹ̀ ṣe ń lọ jìnnà tó?" Ìbéèrè náà dáa, àmọ́ òun kọ́ ló ń pa bátìrì. Ohun tó ń pa bátìrì ni ìwà node, ìyẹn ẹ̀rọ kékeré tó gbé sẹ́ńsọ̀ náà, lọ́jọ́ tí ẹni tó ń pè kò bá dáhùn. Ní Ìlọrin níbí, iná lè lọ láàárọ̀ kó má dé títí ilẹ̀ á fi ṣú. Ráútà á kú, node tó wà lórí bátìrì kò sì ní mọ̀. Á ṣáà máa pe ẹni tí kò sí nílé. Ojú yìí ni mo fi wo àwọn mẹ́ta tí mo fẹ́ fi wéra: Wi-Fi lórí ESP8266 tàbí ESP32 (ṣípù tó ní Wi-Fi nínú), nRF24L01+ (rédíò kékeré) pẹ̀lú Arduino Pro Mini (bọ́ọ̀dù kékeré tó ń darí rẹ̀), àti LoRa (rédíò tó ń dé ibi tó jìnnà).

Node tí mò ń wí kò ju ṣípù kékeré kan, sẹ́ńsọ̀ kan tàbí méjì, rédíò àti bátìrì lọ. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó sùn, kó jí, kó wọn nǹkan, kó fi ohun tó wọ̀n ránṣẹ́, kó tún padà sùn. Ibi mẹ́ta ló wà lọ́kàn mi bí mo ṣe ń kọ èyí. Àkọ́kọ́ ni ilé adìyẹ lẹ́yìnkùlé ní Tanke, tí ráútà wà ní pálọ̀. Ìkejì ni ọgbà ẹja ní Ọ̀fà, adágún mẹ́rin, tí ilé ọlọ́dẹ wà ní igun rẹ̀. Ìkẹta ni oko iṣu àti àgbàdo lọ́nà Ìgbàjà, tó jìnnà tó kìlómítà méjì sí mẹ́ta sí ilé tí èèyàn lè gbé rìsífà, ẹ̀rọ tó ń gba ọ̀rọ̀ node, sí. Nínú tábìlì yìí, mA ni ìwọ̀n iná tó ń ṣàn, µA jẹ́ ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún rẹ̀, dBm sì ni agbára ohùn rédíò; SX1276 ni ṣípù LoRa, gateway sì ni ẹ̀rọ tó ń gbé ọ̀rọ̀ LoRa lọ sórí íntánẹ́ẹ̀tì.

| | Wi-Fi | nRF24L01+ | LoRa SX1276 |
|---|---|---|---|
| Ibi tó ń dé | inú ilé àti àgbàlá | àgbàlá ńlá, tí ohun ìdènà kò bá pọ̀ | kìlómítà mélòó kan, tí áńténà bá ga |
| Iná tó ń fà tó bá ń sọ̀rọ̀ | 170 mA, ó sì lè fò ju 300 mA lọ lẹ́ẹ̀kan náà | 11.3 mA | 29 mA ní +13 dBm, 120 mA ní +20 dBm |
| Iná tó ń fà lójú oorun | 10 sí 20 µA | 0.9 µA, rédíò nìkan | 0.2 µA, rédíò nìkan |
| Ohun tó gbọ́dọ̀ wà lódì kejì | ráútà | nRF24 mìíràn | LoRa mìíràn tàbí gateway |
| Tí òdì kejì bá kú | bí ẹ bá ṣe kọ kóòdù ni | á jáwọ́ fúnra rẹ̀ | kò tilẹ̀ ní mọ̀ |

Ìlà tó kẹ́yìn nínú tábìlì yẹn ni kí ẹ fi ojú sí jù.

Wi-Fi: òun ló rọrùn jù, òun náà ló ń jẹun jù

Kò sí èyí tó rọrùn láti kọ kóòdù fún bíi tirẹ̀. Ẹ so okùn USB mọ́ láàpù, ẹ ṣí Arduino IDE, ẹ yan bọ́ọ̀dù, ẹ tẹ Upload, ó parí. Ohun tí node bá wọ̀n máa ń lọ tààrà sórí íntánẹ́ẹ̀tì tàbí sórí MQTT (ọ̀nà tí àwọn ẹ̀rọ ń gbà fi ìròyìn ránṣẹ́ síra wọn) nínú ilé. Kò sí rìsífà tí ẹ máa kọ kóòdù fún lọ́tọ̀. Ẹni tí kò fẹ́ kọ kóòdù rárá lè lo ESPHome, tó ń bá èèyàn kọ ọ́ látinú àkọsílẹ̀ kékeré. MicroPython náà wà, ó sì dùn fún ẹni tó mọ Python, àmọ́ ó máa ń pẹ́ díẹ̀ kí ojú rẹ̀ tó là lẹ́yìn oorun, bátìrì ló sì ń san owó ìpẹ́ yẹn.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò ó. Ká ní bátìrì yín jẹ́ 2,500 mAh, ìyẹn ni pé ó lè gbé 2,500 mA fún wákàtí kan. Node ń jí ní ìṣẹ́jú 15-15, ó ń lo ìṣẹ́jú-àáyá 5 láti rí ráútà kó sì fi ìròyìn ránṣẹ́, ó sì ń fa nǹkan bí 80 mA láàárín àkókò yẹn. Tí ẹ bá pín in ká gbogbo ìṣẹ́jú 15, ìpíndọ́gba rẹ̀ pẹ̀lú oorun kò ju 0.46 mA lọ. Bátìrì á gbé e fún oṣù méje. Ó dáa bẹ́ẹ̀.

Wàyí o, iná lọ. Ọ̀pọ̀ kóòdù tí àwọn èèyàn ń dà kọ níbi gbogbo ní ìlà kan tó ń sọ fún node pé, níwọ̀n ìgbà tí o kò bá tíì rí ráútà, dúró, máa retí. Kò sí òpin fún ìretí náà. Node á dúró lójúfò pẹ̀lú 80 mA rẹ̀, bátìrì tó yẹ kó lo oṣù méje á sì tán láàárín wákàtí 31. Iná lọ ní ọjọ́ Ẹtì, kó tó di alẹ́ Sátidé node ti kú. Iná á wá dé ní ọjọ́ Àìkú, ráútà á tàn, node kò ní dáhùn mọ́, oníbàárà á sì ní sẹ́ńsọ̀ yín kò dáa.

Mo bi Àlhájà kan tó ń sin adìyẹ ní agbègbè Òkè-Odò léèrè pé, "Àlhájà, tí iná bá lọ, ṣé ẹ máa ń jẹ́ kí ráútà wà lórí?" Wọ́n rẹ́rìn-ín. "Ọmọ mi, jẹnẹrétọ̀ wa, omi là ń fi fà. Ta ló fẹ́ ra epo nítorí ráútà?" Bí ọ̀rọ̀ ṣe rí ní ilé púpọ̀ nìyẹn, kóòdù tó bá máa gbé ibẹ̀ gbọ́dọ̀ mọ̀ ọ́n.

Àtúnṣe rẹ̀ kò le. Ẹ fún node ní gbèdéke: tí kò bá rí ráútà láàárín ìṣẹ́jú-àáyá 8, kó padà sùn. Tó bá tún jí tí kò rí i, kó sùn pẹ́ sí i, ìṣẹ́jú 30, lẹ́yìn náà wákàtí kan. Ohun tó bá wọ̀n kò gbọ́dọ̀ sọnù. Ẹ tọ́jú rẹ̀ sínú RTC memory, tí kì í parẹ́ tí ṣípù bá sùn wọra. ESP32 ní 8 KB níbẹ̀, ẹ kàn máa kọ `RTC_DATA_ATTR` síwájú orúkọ rẹ̀ ni. Ti ESP8266 kò ju 512 byte lọ, ó sì tó fún ooru àti ọ̀rinrin ọjọ́ kan dáadáa. Tí ráútà bá padà dé, kó da gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan.

Ọgbọ́n míì tí àwọn èèyàn máa ń lò ni kí wọ́n fún node ní IP (àdírẹ́sì) tí kì í yí padà, kí wọ́n sì kọ BSSID (àmì ìdánimọ̀) àti channel (ọ̀nà ìgbì) ráútà sí i lórí kó má baà máa wá a káàkiri. Ó ń dín àkókò kù gan-an. Àmọ́ ní ilé tí iná ti ń lọ tó ń bọ̀, gbogbo ìgbà tí ráútà bá tàn padà ló lè yan channel míì. Ẹ wọ inú ráútà lọ kí ẹ ti channel mọ́ ibì kan, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ọgbọ́n náà á di wàhálà.

Ẹ kíyè sí bọ́ọ̀dù náà o, nítorí ohun tí wọ́n kọ sínú ìwé ṣípù kì í ṣe ohun tí bọ́ọ̀dù ń jẹ. Ẹ mú ESP32 DevKit lọ́wọ́, kí ẹ wo ẹ̀gbẹ́ ibi tí USB ń wọ̀. Ẹ máa rí nǹkan dúdú ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta kan, wọ́n kọ AMS1117 sí i lára; rẹgulétọ̀ ni, òun ló ń sọ fóltéèjì kalẹ̀ fún ṣípù. Ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ni iná pupa kékeré kan tí kì í kú. Nítòsí wọn ni ṣípù USB, CP2102 tàbí CH340. AMS1117 yẹn nìkan ń fa nǹkan bí 5 mA tọ̀sán tòru, node ì báà máa sùn, ì báà máa ṣiṣẹ́. 2,500 mAh pín sí 5 mA jẹ́ wákàtí 500, ọjọ́ 21 péré, láì tíì ṣe iṣẹ́ kankan. Ẹni tó bá fẹ́ kó pẹ́ á ra ESP lásán láìsí bọ́ọ̀dù, á fún un ní rẹgulétọ̀ tó ń jẹun díẹ̀ bíi MCP1700, tí tirẹ̀ kò ju 1.6 µA lọ. 250 mA ni agbára MCP1700 mọ, Wi-Fi sì lè fò jù ú lọ, nítorí náà kàpásítọ̀ 470 µF gbọ́dọ̀ wà ní ẹ̀gbẹ́ ESP náà.

nRF24L01+: ẹni tó bá ní sùúrù ló ni ín

Rédíò yìí kéré, owó rẹ̀ kéré, oúnjẹ rẹ̀ kéré. Ohun tó jẹ́ kí n fẹ́ràn rẹ̀ fún ilé tí iná kì í dúró ni pé ó mọ ìgbà tó yẹ kó dákẹ́. Tó bá fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ tí rìsífà kò dá a lóhùn, á tún un sọ, ó pọ̀ jù lọ ní ìgbà 15, pẹ̀lú 4 ms láàárín wọn tí ẹ bá fún un ní àyè tó pọ̀ jù. Gbogbo rẹ̀ kò tó ìdámẹ́wàá ìṣẹ́jú-àáyá kan. Kódà kí rìsífà kú fún ọ̀sẹ̀ kan, bátìrì kò ní mọ ìyàtọ̀.

Ohun tó máa gbà lọ́wọ́ yín ni pé ẹ máa kọ kóòdù méjì, ti node àti ti rìsífà, ẹ sì máa gbé rìsífà náà ka orí nǹkan tó ní íntánẹ́ẹ̀tì. Ẹrù rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan kò ju 32 byte lọ. Ẹ má fi ọ̀rọ̀ gígùn kún un. Ẹ fi nọ́ńbà lásán ránṣẹ́, ooru 31.4 kó lọ gẹ́gẹ́ bí 314, rìsífà á pín in.

Pro Mini 3.3 V tó ń sáré ní 8 MHz ni kí ẹ fi tì í, kì í ṣe ti 5 V. Ẹ fi irin sódà yọ iná kékeré orí rẹ̀ kúrò, tàbí kí ẹ gé ọ̀nà tó lọ síbẹ̀ lórí bọ́ọ̀dù. Oorun rẹ̀ pẹ̀lú watchdog (aago inú ṣípù tó ń jí i) á sọ̀ kalẹ̀ sí µA mélòó kan. Watchdog náà kò lè sùn ju ìṣẹ́jú-àáyá 8 lọ lẹ́ẹ̀kan, nítorí náà ìṣẹ́jú 15 yín á jẹ́ àwọn oorun kéékèèké bíi 113 tí kóòdù máa kà. Aago rẹ̀ kò péye, ẹ jẹ́ kí rìsífà máa fi àkókò sí ìròyìn fúnra rẹ̀.

Àléébù tó wọ́pọ̀ jù lára nRF24 ni iná tí kò dúró déédéé. Ẹ so kàpásítọ̀ tó tó 10 µF tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ mọ́ VCC àti GND, kó sún mọ́ rédíò gan-an, kì í ṣe ní òpin wáyà gígùn. Ẹ má fún VCC rẹ̀ ní 5 V láéláé. Òpin rẹ̀ ni 3.6 V. Àwọn ayédèrú náà pọ̀ lọ́jà. Àwọn kan ń bá ara wọn sọ̀rọ̀ dáadáa, tí wọn kì í gbọ́ ojúlówó tí auto-ack (ìdáhùn tí rìsífà ń fún fúnra rẹ̀) bá wà lórí. Nítorí náà ẹ ra node àti rìsífà yín látinú ẹrù kan náà. Tí ẹ bá fẹ́ lo 250 kbps kó lè dé ibi tó jìnnà sí i, ẹ rí i pé àmì + wà lára orúkọ rẹ̀, nRF24L01 àtijọ́ kò ní i.

Wi-Fi aládùúgbò náà lè máa dí i lọ́wọ́, torí orí 2.4 GHz ni gbogbo wọn wà. Tí àwọn ráútà àyíká bá wà láàárín channel 1 sí 11, ẹ gbé nRF24 lọ sí channel 78 tàbí 80, á ti kọjá wọn.

LoRa: fún ibi tí ojú kò tó

Oko ọ̀nà Ìgbàjà kò ní ráútà, nRF24 kò sì ní dé ibẹ̀. Àwọn kan á ní kí ẹ lo SIM800L, rédíò fóònù, pẹ̀lú sim kaadi. Mi ò gbà. Ó lè fa iná tó 2 A lẹ́ẹ̀kan náà tó bá ń wá nẹ́tíwọ̀kì, ibi tí nẹ́tíwọ̀kì kò bá sì ti dáa ló ti máa ń wá a jù.

LoRa yàtọ̀. Ó ń sọ̀rọ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, ọ̀rọ̀ rẹ̀ sì ń dé ibi tó jìnnà. Bó ṣe máa pẹ́ tó lẹ́nu ọ̀rọ̀ wà lọ́wọ́ spreading factor (SF, bó ṣe ń fa ọ̀rọ̀ gùn tó), láti SF7 dé SF12. Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣòfò. Ọ̀rọ̀ 12 byte lórí SF7, ní 125 kHz, kò ju 41 ms lọ. Ọ̀rọ̀ kan náà lórí SF12 jẹ́ nǹkan bí 1.16 ìṣẹ́jú-àáyá, ìlọ́po 28. Tí ẹ bá wá fi +20 dBm kún un, tí ó ń fa 120 mA, bátìrì 2,500 mAh yẹn á gbé e fún ọdún kan àti oṣù mẹ́wàá, tí a bá ka rédíò nìkan. Lórí SF7 pẹ̀lú +13 dBm, ohun tí rédíò ń jẹ kò tó nǹkan rárá; bátìrì á ti gbó fúnra rẹ̀ kó tó tán.

Nítorí náà ẹ má fi SF12 bẹ̀rẹ̀ nítorí pé ẹ gbọ́ pé òun ló ń lọ jìnnà jù. Ẹ kọ́kọ́ gbé áńténà rìsífà sókè. Áńténà tó wà lórí pákó gígùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ táǹkì omi, tó rékọjá orí igi káṣú àti máńgòrò, máa ń ṣe iṣẹ́ tí SF méjì kò lè ṣe. Lẹ́yìn náà ẹ dán SF7 wò, ẹ máa gùn ún díẹ̀díẹ̀ títí ọ̀rọ̀ á fi máa dé. Ẹ dán an wò nígbà tí àgbàdo ti ga, torí ewé tútù ń jẹ ìgbì rédíò. Node tó ń gbọ́ dáadáa ní oṣù Kẹta lè dákẹ́ ní oṣù Keje.

LoRa lásán ni kí ẹ lò àbí LoRaWAN, ìlànà nẹ́tíwọ̀kì tí wọ́n kọ́ lé LoRa lórí? Fún node mẹ́ta sí mẹ́wàá lórí oko kan, LoRa lásán tó: SX1276 kan ní oko, ESP32 kan tó ní LoRa nílé, iṣẹ́ ti parí. LoRaWAN dáa tí node bá pọ̀, tí àwọn oníbàárà yàtọ̀ síra, tí ẹ sì fẹ́ kí ààbò wà lórí ọ̀rọ̀ wọn, àmọ́ gateway rẹ̀ gbọ́dọ̀ ní iná àti íntánẹ́ẹ̀tì tó dúró déédéé. NCC ló ń ṣàkóso ìgbì rédíò ní Nàìjíríà, ẹ bá ìlànà wọn mu kí ẹ tó yan 433 tàbí 868 MHz.

Ìkìlọ̀ kan: ẹ má jẹ́ kí LoRa sọ̀rọ̀ láìsí áńténà lára rẹ̀. Ó lè jó ẹnu rédíò náà, kò sì ní fi ẹ̀rí kankan hàn ju pé lẹ́yìn náà kò ní gbọ́ra jìnnà mọ́.

Bátìrì

18650, bátìrì lithium tó ń gba cháájì, ló wọ́pọ̀ jù, pàápàá èyí tí wọ́n yọ lára láàpù àlòkù. 3.7 V ni, 4.2 V tó bá kún. Èyí tí wọ́n kọ 9900 mAh sí lára, ẹ fi sílẹ̀ lórí tábìlì onítọ̀hún. Ojúlówó kì í fi bẹ́ẹ̀ ju 3,500 lọ. Ìṣòro rẹ̀ níbí ni ooru. Kò yẹ kí èèyàn cháájì rẹ̀ tí ooru rẹ̀ bá ju 45 °C lọ, àpótí tó wà nínú oòrùn Ìlọrin ní oṣù Kejì sí Kẹta sì ń kọjá bẹ́ẹ̀. TP4056, bọ́ọ̀dù cháájì tí gbogbo wa ń rà, kì í wo ooru, torí wọ́n ti so ẹsẹ̀ TEMP rẹ̀ mọ́ GND lórí bọ́ọ̀dù. Ẹ gbé bátìrì sí abẹ́ òjìji, kí sólà nìkan wà lókè.

LiFePO4, oríṣi bátìrì lithium míì, ni mo fẹ́ràn jù fún ESP. 3.2 V ni, ó lè wọ inú ESP tààrà láìsí rẹgulétọ̀, ó sì ń fara da ooru ju 18650 lọ. 3.6 V ni òpin cháájì rẹ̀, nítorí náà TP4056 kò bá a mu rárá. TP5000 tí ẹ ti sí ipò LiFePO4 ni kí ẹ lò.

Bátìrì AA méjì tó fún Pro Mini àti nRF24, kò tó fún ESP. Tí wọ́n bá ti lò ó díẹ̀, fóltéèjì á sọ̀ kalẹ̀ sábẹ́ 3 V, ESP32 á sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ségesège. Pro Mini á ṣì máa ṣiṣẹ́ dé 2.4 V, bí ẹ bá ti sọ BOD rẹ̀ (ìwọ̀n fóltéèjì tó fi ń dá ara rẹ̀ dúró) kalẹ̀, nítorí 2.7 V ni wọ́n ń fi sí láti ilé iṣẹ́. Bátìrì lithium 3.6 V tí kì í gba cháájì dáa fún LoRa tó ń sùn pẹ́, tí ẹ bá fi kàpásítọ̀ ńlá kún un. Nígbà tí wọ́n bá bèèrè iná púpọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀ lójijì, ó máa ń lọ́ra.

Tí node bá dákẹ́

Ẹ má kọ́kọ́ lọ síbi kóòdù. Ẹ wọn fóltéèjì bátìrì nígbà tí node ń fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ gan-an, kì í ṣe nígbà tó ń sinmi. Bátìrì tó rẹ̀ máa ń fi 3.7 V hàn yín tí ẹnikẹ́ni kò bá bèèrè nǹkan lọ́wọ́ rẹ̀. Tí ESP32 bá ń kọ "Brownout detector was triggered" sójú kọ̀ǹpútà, ó ń sọ fún yín pé iná ṣubú nígbà tó fẹ́ sọ̀rọ̀: wáyà tẹ́ẹ́rẹ́, kàpásítọ̀ tí kò sí, tàbí bátìrì tó ti gbó.

Wíwọn iná oorun ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣi mítà lò. Tí ẹ bá ti mítà sí µA láti ìbẹ̀rẹ̀, ìdènà inú rẹ̀ pọ̀ débi pé node kò ní rí iná tó láti jí, á máa kú á máa jí, ẹ ó sì rò pé kóòdù ló bàjẹ́. Bí mo ṣe ń ṣe é nìyí. Mo gé wáyà pupa tó ti bátìrì wá, mo fi mítà sí àárín rẹ̀ lórí µA, mo sì fi wáyà kékeré míì so ojú méjèèjì pọ̀ kí iná lè gba ẹ̀gbẹ́ mítà kọjá. Node jí, ó wọ̀n, ó sọ̀rọ̀, ó sùn. Ìgbà náà ni mo rọra yọ wáyà kékeré yẹn. Mítà á wá fi òótọ́ hàn: 20 µA, ó dáa, 5,000 µA, ẹ padà lọ wo AMS1117. Kó tó jí, ẹ ti tún dá wáyà náà padà.

Tí oorun bá jẹ́ nǹkan bí 40 µA dípò 20, ẹ wo rẹsítọ̀ méjì tí ẹ fi ń wọn bátìrì. 100 kΩ méjì lórí 4.2 V ń jẹ 21 µA láìdúró. Ẹ lo 1 MΩ méjì pẹ̀lú kàpásítọ̀ 100 nF níbi tí ADC (apá ṣípù tó ń ka fóltéèjì) ti ń kà á. Lórí ESP32, ẹ kà á lórí ẹsẹ̀ 32 sí 39, torí ADC2 kì í ṣiṣẹ́ nígbà tí Wi-Fi bá wà lórí.

ESP8266 tó sùn tí kò jí mọ́: ẹ so GPIO16 mọ́ RST. Tó bá wá kọ̀ láti gba kóòdù tuntun, ẹ yọ wáyà yẹn ná, ẹ fi kóòdù sí i, ẹ dá a padà. Tó bá ń tú ọ̀rọ̀ tí kò ní orí jáde nígbà tó ń jí, ẹ sún serial monitor (ojú tí Arduino IDE fi ń ka ọ̀rọ̀ ṣípù) sí 74880, ẹ ó rí ohun tó ń wí.

nRF24 tí `printDetails` rẹ̀ (àkọsílẹ̀ ètò rédíò tí kóòdù ń tẹ̀ jáde) kún fún 0x00 tàbí 0xFF, wáyà ni, rédíò lè má mọ̀ pé ẹ ń pe òun. Tí àkọsílẹ̀ rẹ̀ bá dáa tí ọ̀rọ̀ kò sì dé, ẹ fi channel, data rate àti àdírẹ́sì ìhà méjèèjì wé ara wọn. LoRa náà bẹ́ẹ̀: SF, bandwidth (fífẹ̀ ìgbì, bíi 125 kHz yẹn), àti sync word (àmì tí rédíò fi ń dá ọ̀rọ̀ tirẹ̀ mọ̀) gbọ́dọ̀ dọ́gba, 0x12 fún LoRa lásán, 0x34 fún LoRaWAN. Tó bá ń gbọ́ra lórí tábìlì tí kò gbọ́ra lẹ́yìn ògiri, ẹ wò ó bóyá áńténà 433 ni wọ́n tà fún rédíò 868.

Ní ọgbà ẹja, DS18B20 (sẹ́ńsọ̀ ooru) tó sọ pé omi jẹ́ 85 °C kò tíì wọ̀n nǹkan kan, nọ́ńbà tó ń jí pẹ̀lú rẹ̀ ló ń kà jáde. Ẹ fún un ní 750 ms kí ẹ tó bèèrè. Tó bá sọ -127, wáyà ti já, tàbí rẹsítọ̀ 4.7 kΩ kò sí níbẹ̀.

Ohun tí èmi máa yàn

Fún Tanke, ESP32 lásán lórí LiFePO4, pẹ̀lú gbèdéke ìṣẹ́jú-àáyá 8 yẹn nínú kóòdù. Ẹni tó bá lè fi ESP-NOW (ọ̀nà tí ESP méjì fi ń bá ara wọn sọ̀rọ̀ tààrà) ṣe é dípò Wi-Fi, kó ṣe é: 250 byte lẹ́ẹ̀kan tó, kì í bá ráútà dúró rárá, ESP32 kejì tó wà lórí bátìrì ínfátà ló ń gbà á. Tí ínfátà kò bá sí, Wi-Fi náà á ṣe é.

Fún Ọ̀fà, nRF24 mẹ́rin, AA méjì nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan, rìsífà nínú ilé ọlọ́dẹ. Tí odi ọgbà bá jẹ́ búlọ́ọ̀kù tó nípọn, ẹ gbé rìsífà sí ojú fèrèsé.

Fún ọ̀nà Ìgbàjà, LoRa lórí SF7 gẹ́gẹ́ bí ìbẹ̀rẹ̀, 18650 kan àti sólà kékeré. Tí ọyẹ́ bá dé, eruku á bo sólà náà. Ẹ sọ fún ẹni tó ń bá yín wo oko kó máa fi aṣọ tútù nù ún. Àpótí rẹ̀, ẹ jẹ́ kí ihò wáyà kọjú sí ilẹ̀, kí ẹ sì fi sílíkónì dí i. Òjò kì í fi bẹ́ẹ̀ wọlé láti ìsàlẹ̀, àmọ́ èèrà ń wọlé, ibi tí èèrà bá sì pamọ́ sí lórí bọ́ọ̀dù ni iná ti máa ń jò.